Oògùn Tí Ìpàdé Yàn fún Hàwáwù

Kò sí ohun tí àwọn onílé mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè fi ìpàdé bàjẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti bá wọn gbé, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ náà kò tíì pọn omi dòní. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ojú gọ́tà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò kí ara wọn mọ́. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni wọ́n máa ń ṣe é, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀. Àga wà fún àwọn àgbà ọkùnrin, ẹní wà fún àwọn obìnrin, ẹnu ọ̀nà sì wà fún àwa ayálégbé bí a bá fẹ́ dúró gbọ́. Mo máa ń dúró. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, Fọláṣadé lorúkọ mi, Ìyá Tóbi ni wọ́n ń pè mí nínú ilé, mi ò sì fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ nítòsí mi kí n má mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hàwáwù ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ onílé ni, àbúrò Àlájì Ikrimah tó jẹ́ olórí ẹbí ló bí i. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìta Fájì níbi tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Bí télọ̀ bá mú aṣọ wá, Hàwáwù á wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, á na ọwọ́ sẹ́yìn, á sì fa òwú tó bá a mu yọ láàárín igba àwọ̀. Àwọn télọ̀ kan máa ń gbé òwú náà jáde lọ wò ó nínú oòrùn bóyá ó ṣì í. Mi ò tíì rí èyí tó padà wá pààrọ̀ rẹ̀. Kì í pariwo, kì í ná ọjà pẹ́, kì í sì í jiyàn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló fẹ́ pa á.

Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jimoh, ó ń wa ọkọ̀ fún báǹkì kan ní Tinúbú. Inú yàrá Hàwáwù ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ọkùnrin tó bá ń gbé ilé àna rẹ̀ kì í ní ohùn nínú ìpàdé, Jimoh kò sì ní i. Ẹ̀yìn òpó ló máa ń jókòó sí, á máa mi orí sí ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń bú u.

Láti kékeré ni ọ̀nà ọ̀fun ti máa ń dun Hàwáwù, tí wọ́n á fún un ní omi gbígbóná àti iyọ̀, tí wọ́n á ní ó ti tán. Kò tán. Dókítà sọ fún un nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pé àìsàn ọ̀fun yẹn ti jẹ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tó wà nínú ọkàn rẹ̀, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, débi pé kò lè tì dáadáa mọ́. Nígbà yẹn, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìjókòó lágbedeméjì. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ó ti sanra jù ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ni wọ́n ń pè ní sísanra.

Dókítà ní àfi kí wọ́n la àyà, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ irin. Ti irin máa ń pẹ́, ó lè bá èèyàn dọ́jọ́ ikú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì sára irin. Ẹni tó bá yàn án, ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ń pè ní wáfárìnì, tí yóò sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí oògùn bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á dì, ó sì lè lọ sí ọpọlọ, kó sọ èèyàn di arọ tàbí òkú. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde níbi tí kò yẹ. Èkejì, ara màlúù ni wọ́n ti ṣe é. Ìyẹn kì í pẹ́ tó ti irin, ó lè gbó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tún la àyà, ṣùgbọ́n oògùn yẹn lè má ju oṣù mélòó kan lọ. Dókítà ní kó lọ sinmi, kó rò ó, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti sọ èyí tó bá yàn. Òun ni kó rò ó, òun ni kó yàn án. Ohun tí ọkùnrin náà kò mọ̀ ni pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń dá yan nǹkan nínú ilé wa.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìkẹta nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìpàdé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gọ́tà. Hàwáwù ṣàlàyé láti orí ẹní, ó ń mí sókè sódò. Nígbà tó dé orí ti màlúù, Ìyá Memunat, àbúrò bàbá rẹ̀ lóbìnrin, ní òun gbọ́ lórí fóònù pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké a-ùsù bílláhì, pé kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn. Hàwáwù ní màlúù ni dókítà pè é, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Àlájì Ikrimah gbé ọwọ́ sókè.

"Màlúù wo?" ni Àlájì bèèrè. "Ta ló dúńbú ẹ̀? Ṣé ó ṣe bísímílà?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Àlájì yìí kan náà kì í jẹ búrẹ́dì láìsí ẹran inú agolo láàárọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí kó bi agolo léèrè pé ta ló dúńbú màlúù inú rẹ̀. Lẹ́mọ́mù mọ́ṣáláṣí wa sì ń gbé ilé kẹta sí wa, ọkùnrin tó kàwé, tó sì máa ń fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó gbọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ní ohun tí wọ́n tilẹ̀ ń pè ní èèwọ̀ kì í ṣe èèwọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kú, ká tó wá sọ ti màlúù. Ṣùgbọ́n nígbà náà wọ́n ti ṣe tán. Irin ni ìpàdé yàn. Kò sí ẹni tó dárúkọ oògùn tó ń bá irin wá. Hàwáwù la ẹnu láti sọ ohun kan, Ìyá Memunat ní kó jẹ́ kí àwọn àgbà parí ọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní ẹ ṣé, Bàbá.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run àti fún àwọn tó kàwé. Láti ìgbà yẹn ni èmi àti Hàwáwù ti wá di ọ̀rẹ́ gidi, nítorí pé láàbù kan lẹ́yìn Tinúbú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí a fi ń mọ bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Fún un, dókítà fẹ́ kó wà láàárín méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀. Mo ti rí ọ̀gá ilé-ìwé, mo ti rí lọ́yà, tí nọ́ńbà wọn ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tí wọ́n á wá máa pariwo mọ́ mi. Ti Hàwáwù kì í fò. Lẹ́yìn Màgáríbì lójoojúmọ́ ló ń lo oògùn tirẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀fọ́ tútù lè dín agbára oògùn náà kù, pé kó má ṣe sá fún un ṣùgbọ́n kó máa jẹ ìwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀. Ó wá ìgò míliìkì kan tó fi ń wọn ẹ̀fọ́ tirẹ̀. Ìyá Memunat ń bú u pé ó ń fi ìgò wọn oúnjẹ bí àjẹ́. Hàwáwù ń rẹ́rìn-ín, ó ń wọn ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn láìdúró, ó ń ta òwú, ara rẹ̀ dá. Mo fi í yangàn níbi iṣẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ìgbà náà ni Tawfiq ti Ìlú Ọba dé.

Ọmọ Àlájì ni Tawfiq, ó ti lo ọdún mọ́kànlá lọ́hùn-ún. Nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti ń ka páálí, iṣẹ́ tó níyì ni, mi ò bú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa gbé àpótí rẹ̀ wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ti di dókítà, ó ti di lọ́yà, ó ti di ẹnjiníà ẹ̀rọ omi. Ọkàn tirẹ̀ máa ń lù ségesège, oògùn tuntun kan ni wọ́n fún un lọ́hùn-ún tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí kò gba pé kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Oògùn tó dára ni, fún ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ó ra ìgò mẹ́rin wá fún Hàwáwù. Ó gbé e lé orí tábìlì níwájú ìpàdé, ó ní láti òní lọ, wáfárìnì tán, oògùn ayé àtijọ́ ni, pé eku ni wọ́n ń fi pa nílùú òyìnbó.

Hàwáwù ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun ní ọsibítù pé ẹni tó bá ní irin nínú ọkàn kò gbọ́dọ̀ lo àwọn oògùn tuntun wọ̀nyẹn, wáfárìnì nìkan ni. Ohùn rẹ̀ kò jìnnà ju orí ẹní lọ. Àlájì ní àwọn dókítà ilẹ̀ yìí fẹ́ kó máa pààrà ọ̀dọ̀ wọn títí ayé ni. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo ní ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti dán an wò lára àwọn tó ní irin, ẹ̀jẹ̀ wọn dì, wọ́n sì dá a dúró, pé ó wà nínú ìwé tí ọsibítù fún un.

Tawfiq yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Auntie, no offence o," ló wí, "ẹ̀jẹ̀ lẹ ń fà. Ẹ kì í ṣe dókítà."

Mo bi í pé ìwọ ńkọ́. Àlájì ní, "Ìyá Tóbi, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ."

Bí wọ́n ṣe lé mi padà sí ipò ayálégbé nìyẹn. Wọ́n gbà pé oògùn tuntun ni kó máa lò, wọ́n sì fi Ìyá Memunat ṣe alábòójútó rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Hàwáwù tún ní ẹ ṣé, Bàbá.

Inú bí mi débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó wá bá mi ní yàrá, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ò fi wáfárìnì òun sílẹ̀, òun ń lò ó lẹ́yìn Màgáríbì bí òun ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo fò mọ́ ọn. Mo ní ọlọ́gbọ́n ọmọ ni. Mo rò pé ó ń da èkejì nù ni, mi ò sì bi í. Èmi tí mò ń bú gbogbo ilé pé wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀, èmi náà ò béèrè.

Ó wá sí láàbù lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo fi òwú tẹ ibẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Òwú náà pupa. Mo pààrọ̀ rẹ̀, èyí tún pupa. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ká apá búbà rẹ̀ sókè, àmì dúdú dúdú bí ti ẹni tí wọ́n lù ló kún apá rẹ̀, ó ní òun ò fi apá gbá nǹkan kan. Ó ní tí òun bá fọ eyín, itọ́ òun máa ń pupa, ìgbẹ́ òun sì ti dúdú láti ìjẹta. Ojú rẹ̀ funfun. Mo bi í pé kí ló ń ṣe sí oògùn Tawfiq.

"Mò ń mu ún," ló wí.

Mo ní méjèèjì?

"Kí ni kí n ṣe, Mọ̀mí Tóbi? Tí Àǹtí bá ti fún mi, wọ́n á dúró tì mí. Mo gbé e sábẹ́ ahọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n sọ àlùhàmúdù sókè kí wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi ṣófo. Mi ò lè tutọ́ oògùn lójú àgbà."

Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí kò lè sọ fún àgbà pé rárá, ó ń gbé oògùn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà mì, ó ń fẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣòfò ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìtẹríba. Mo gbá a mú níbi iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn láàbù, mo pe Jimoh pé kó gbé ọkọ̀ báǹkì wá, kí wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́. Ó gbé e wá lóòótọ́. Ojú ọ̀nà ni mo ti sunkún.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi dá a dúró ní ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n gba oògùn tuntun náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ wáfárìnì rẹ̀ lójoojúmọ́ títí nọ́ńbà fi padà bọ̀ sípò. Dókítà fúnra rẹ̀ pe Tawfiq lórí fóònù. Mi ò mọ gbogbo ohun tó sọ fún un, ṣùgbọ́n Tawfiq kò jáde ní yàrá títí di Àlásárì.

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì nígbà tí Hàwáwù délé. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ni. Nítorí pé dókítà sọ̀rọ̀ sí ọmọ Àlájì ni. Wọ́n fi wákàtí kan gbáko jíròrò pé ta ló gbé orúkọ ẹbí lọ sí ọsibítù, gbogbo ojú sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo dúró gbọin-gbọin. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Memunat wá dá àbá tirẹ̀ kí ìjà má bàa wà: kí Hàwáwù máa lo ti Tawfiq láàárọ̀, kó máa lo ti dókítà nírọ̀lẹ́, kó lò wọ́n lónìí, kó fò wọ́n lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Àwọn kan ní ìyẹn náà dára. Àlájì ń mi orí. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára ló jókòó síwájú wọn, ọ̀nà tí wọ́n á gbà fi oògùn rẹ̀ tu ara wọn nínú ni wọ́n ń wá.

Hàwáwù dìde lórí ẹní. Mi ò rí i rí kó dìde nínú ìpàdé. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú Àlájì, bí ọmọ tí wọ́n kọ́, kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, mi ò ní mu ún mọ́. Irin lẹ yàn fún mi, mo gbà. Irin ti yan oògùn tiẹ̀. Kò sí ìpàdé mọ́ nínú ẹ̀."

Tawfiq ń wo fóònù rẹ̀. Ìyá Memunat ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn búburú, ó kàn gọ̀ ni.

"Ṣé ibi la fẹ́ fún ẹ ni? Kára ẹ le, kíwọ náà gbé ọmọ jó la fẹ́. Ọdún kẹrin tẹ́ ẹ ti ṣe nìkáà rèé."

Hàwáwù kọjú sí i.

"Àǹtí, nítorí ọmọ ni dókítà ṣe ní kí n ro ti màlúù dáadáa. Ó ní wáfárìnì lè ba ọmọ jẹ́ nínú ikùn, tí mo bá sì fi í sílẹ̀, irin lè pa mí. Ó ní ká má dán oyún wò láìsọ fóun. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí n jẹ́ káwọn àgbà sọ̀rọ̀."

Jimoh, tó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, fi ọwọ́ bojú lẹ́yìn òpó. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn tó ń wo ikùn ọmọ yìí ní Iléyá ọdọọdún, tí wọ́n ń bi í pé ìgbà wo. Mo ń retí kí ẹnì kan sọ pé má bínú, Hàwáwù. Gbólóhùn kékeré ni. Àlájì Ikrimah wúkọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní àkọọ́lẹ̀ Ọlọ́run ni, kò sí ẹni tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí á gbọ́wọ́ sókè ká ṣe àdúà.

Ó sì ṣe é pẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run fún Hàwáwù ní ọmọ, kó fún un ní ìbejì, lákọ lábo, kí Màólúdì tó ń bọ̀ bá a pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àmín ńlá ni gbogbo ilé ń ṣe, ti Ìyá Memunat ló sì ròkè jù. Tèmi náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, nígbà tí mo rí i pé Hàwáwù ti mú bàtà rẹ̀, ó sì ti ń gun àtẹ̀gùn lọ.